Kíkọ Yorùbá-Nàgó Lórí Oríṣiríṣi Ẹ̀rọ: Iṣẹ́ Àwọn Olùtọ́jú Ètò Gbangba àti Ohun tí Ó Kan Mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ní Ìfọ̀nyìn

Ní Ifangni, tí àwọn ọmọ bíbí ibẹ̀ ń pè ní Ìfọ̀nyìn, ọ̀nà méjì ni a fi ń kọ èdè kan ṣoṣo. Ìgólò, tí ó wà lábẹ́ kọ́múnù náà, kọjú sí Ìdí-Ìrókò ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Ìwé tí a tẹ̀ ní Ìbàdàn àti ní Èkó ń bá ọjà gba ibẹ̀ wọlé. Èyí tí a tẹ̀ ní Kútọnu àti ní Àjàṣẹ́ ń gba ibẹ̀ kan náà jáde. Èyí tí ó ti Nàìjíríà wá ń lo ẹ, ọ, ṣ àti p, gẹ́gẹ́ bí àṣà tí ìpàdé Èkó ti 1875 fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Èyí tí ó ti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ wá ń lo ɛ, ɔ, sh àti kp, gẹ́gẹ́ bí álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè orílẹ̀-èdè tí a gbé jáde ní 1975, tí CENALA sì tún yẹ̀ wò ní 1990 àti ní 2008. Ọgọ́rùn-ún ọdún gééré ni ó wà láàárín ìpinnu méjèèjì. Orúkọ ìlú náà gan-an ń fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn: Ifangni ni ó wà lára pátákó ọ̀nà, Ìfọ̀nyìn ni ará Nàìjíríà ń kọ, Ìfɔ̀nyìn ni akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kọ́ álífábẹ́ẹ̀tì orílẹ̀-èdè ń kọ. (Àmì ìsàlẹ̀ ni a lò nínú àpilẹ̀kọ yìí nítorí àwọn òǹkàwé tí ó wà ní òdì-kejì ààlà, lẹ́tà ti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ni a lò níbi tí àpẹẹrẹ bá ti béèrè fún un.)

Nígbà kan, olùkọ́ àti atẹ̀wé nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Lónìí ó ti kan ẹ̀rọ pẹ̀lú. Olùkọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà tí ó bá ń kó ọ̀rọ̀ jọ fún ìwé ìbẹ̀rẹ̀ kò fi wọ́n mọ sínú ìwé àjákọ mọ́. Inú kọ̀ǹpútà ni ó ń kó wọn sí, a sì máa fi wọ́n ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà olùpèsè, ìyẹn ẹ̀rọ tí ó ń bá ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ mìíràn tọ́jú ìwé, tí ó sì ń gbé e fún wọn nígbà tí wọ́n bá béèrè. Ó lè ṣẹlẹ̀ nígbà náà pé kí ẹlòmíràn tẹ Ìfọ̀nyìn síbi ìwárí, kí ẹ̀rọ dáhùn pé kò sí ohun tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, nígbà tí ọ̀rọ̀ náà sì wà lójú ìwé kedere. Olùkọ́ á rò pé òun ni kò mọ ẹ̀rọ lò. Ẹlòmíràn á ní ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Méjèèjì kọ́. Ìdí rẹ̀ wà nínú bí ẹ̀rọ ṣe ń pa lẹ́tà mọ́, àti nínú iṣẹ́ kan tí ojú kì í sábà rí: iṣẹ́ àwọn tí ń tọ́jú ètò kọ̀ǹpútà kí ó lè ṣiṣẹ́ bákan náà lórí gbogbo irú ẹ̀rọ.

Bí ẹ̀rọ ṣe ń pa lẹ́tà mọ́

Ẹ̀rọ kò mọ lẹ́tà. Nọ́ńbà ni ó mọ̀. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, a sì ń fi báìtì kan, méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pa nọ́ńbà náà mọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àkójọ nọ́ńbà tí ó gbilẹ̀ jù ní ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù ni Latin-1. Ó ní é, è, à àti ç, nítorí náà Faransé rọ̀ ṣọ̀mù nínú rẹ̀. Kò ní ẹ, kò ní ọ, kò ní ɛ, kò sì ní ɔ. Láti ibẹ̀ ni ìṣòro kan ti wá tí ó yẹ kí a tẹnu mọ́, nítorí pé ó pẹ́ kí a tó rí i ní àwọn ilẹ̀ tí iṣẹ́ ọ́fíìsì ti ń lọ ní èdè Faransé. Ètò MySQL, tí ó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn àká ìsọfúnni tí ó tàn kálẹ̀ jù lórí kọ̀ǹpútà olùpèsè, Latin-1 ni ó ń lò bí a kò bá sọ fún un pé kí ó lo òmíràn, títí di ẹ̀dà 8.0 ti 2018. Nínú àwọn ẹ̀dà àtijọ́ rẹ̀, bí a bá kó ọjọ́ sínú irú àká bẹ́ẹ̀, ?j?? ni a óò bá níbẹ̀ nígbà tí a bá padà wá. Akọ̀wé tí ó fi ọ̀rọ̀ Faransé dán ẹ̀rọ náà wò kò lè rí àṣìṣe kankan. Ìgbà tí a bá kó Yorùbá sí i ni ó ń hàn, ìgbà náà sì ni ọ̀rọ̀ ti sọnù pátápátá, nítorí àmì ìbéèrè kì í padà di lẹ́tà.

Unicode ni ó wá láti tán ìṣòro yìí. Ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1991. Ní 1992 ni Ken Thompson àti Rob Pike gbé ọ̀nà ìpamọ́ tí à ń pè ní UTF-8 kalẹ̀, òun sì ni ó gbòde lónìí. Nínú Unicode, ẹ ní nọ́ńbà (U+1EB9), ọ ní (U+1ECD), ṣ ní (U+1E63), bẹ́ẹ̀ ni ɛ (U+025B) àti ɔ (U+0254) ní tiwọn. Ènìyàn á rò pé ọ̀rọ̀ ti parí níbẹ̀. Kò parí, nítorí ohùn.

Yorùbá kò lè dá dúró láìsí àmì ohùn, àmì ohùn sì ń bọ́ sórí lẹ́tà tí ó ti ní àmì nísàlẹ̀ tẹ́lẹ̀. Unicode ní é ní odindi, ó sì ní ẹ ní odindi, ṣùgbọ́n kò ní ẹ́ ní odindi. Ńṣe ni a ń kó o jọ. Ọ̀nà mẹ́rin ni ó wọ́pọ̀ tí a lè gbà kó o jọ:

(1) ẹ odindi, kí àmì òkè tẹ̀ lé e: báìtì 5.
(2) e lásán, kí àmì ìsàlẹ̀ tẹ̀ lé e, kí àmì òkè tẹ̀ lé ìyẹn: báìtì 5.
(3) e lásán, kí àmì òkè ṣáájú, kí àmì ìsàlẹ̀ tẹ̀ lé e: báìtì 5.
(4) é odindi, kí àmì ìsàlẹ̀ tẹ̀ lé e: báìtì 4.

Ojú kò lè mọ ìyàtọ̀ láàárín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí ètò kan bá ń fi báìtì wé báìtì, ọ̀rọ̀ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó kà wọ́n sí. Unicode ṣe òfin pé wọ́n dọ́gba, ó sì fi ọ̀nà méjì lélẹ̀ láti mú gbogbo wọn bá ara dọ́gba: NFC, tí ó ń dì wọ́n pọ̀ dé ibi tí ó bá ṣeé ṣe, yóò sọ gbogbo wọn di (1), NFD, tí ó ń tú wọn palẹ̀, yóò sọ gbogbo wọn di (2). Ṣùgbọ́n òfin kì í mú ara rẹ̀ ṣẹ. Ètò tí ẹnikẹ́ni kò bá kọ́ ní òfin náà kò ní pa á mọ́.

Ta ni ó ń bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin? Pátákó ìtẹ̀wé ni. Ẹni tí ó ń fi pátákó ti Nàìjíríà tí a ṣe fún Yorùbá tẹ̀wé a máa kọ́kọ́ tẹ ẹ, kí ó tó fi ohùn lé e. (1) ni yóò bí. Ẹni tí ó wà ní Ifangni, tí ó ń lo pátákó Faransé, rí é àti è níwájú rẹ̀, bọ́tìnnì kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá ní láti kọ̀wé lọ́nà Nàìjíríà, ohun tí ó rọrùn fún un ni kí ó tẹ é, kí ó sì wá àmì ìsàlẹ̀ fi kún un. (4) ni yóò bí. Àwọn méjèèjì kọ ẹ́, wọ́n kọ ọ́ dáadáa, ẹ̀rọ kò sì mọ̀ pé nǹkan kan náà ni wọ́n kọ. Ààlà tí kò sí nínú èdè ti wọ inú báìtì.

Ohun kan wà níhìn-ín tí àwọn tí ń jiyàn lórí àkọtọ́ kì í sábà kà kún. Unicode kò ní ɛ́ odindi, kò sì ní ɔ̀ odindi. Nítorí náà ọ̀nà kan péré ni ó wọ́pọ̀ láti kọ ɛ́: ɛ, kí àmì òkè tẹ̀ lé e, báìtì 4. NFC àti NFD kò ní ìyàtọ̀ kankan níbẹ̀. Lórí kókó yìí nìkan, lẹ́tà tí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ yàn ní 1975, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì ronú kan Unicode, ń la inú ẹ̀rọ kọjá pẹ̀lú wàhálà tí ó kéré sí ti àmì ìsàlẹ̀. Kí a má ṣe àsọdùn rẹ̀: á, è, ì, ó àti ù ṣì ní ọ̀nà méjì nínú àkọtọ́ méjèèjì. Ìfɔ̀nyìn jẹ́ báìtì 12 bí a bá dì í, 14 bí a bá tú u. Ìfọ̀nyìn jẹ́ 13 àti 15. Lẹ́tà 7 péré ni ojú ń rí nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Àṣìṣe tí ó burú ju èyí lọ ni ti ìjọra tí òfin Unicode kò mọ̀ rárá. Ẹni tí kò rí ɛ lórí pátákó rẹ̀ lè mú lẹ́tà Gíríìkì ε (U+03B5), nítorí wọ́n jọra bí ìbejì. Ẹlòmíràn a máa lo ìlà kékeré òòró (U+0329) dípò àmì tóótóó (U+0323) lábẹ́ e àti o, nítorí pé ìlà yẹn ni ó bá nínú àwọn ìwé àtijọ́. NFC kò lè tún àwọn wọ̀nyí ṣe, nítorí lójú Unicode lẹ́tà ọ̀tọ̀ gan-an ni wọ́n. Ẹni tí ó mọ èdè nìkan ni ó lè rí wọn, kí ó sì tún wọn ṣe.

Ètò gbangba àti ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ

Ètò gbangba ni a ń pe ètò kọ̀ǹpútà tí àkọsílẹ̀ inú rẹ̀ hàn sí gbogbo ènìyàn, tí ẹnikẹ́ni lè kà, tí ó lè tún ṣe, tí ó sì lè fún ẹlòmíràn. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà olùpèsè káàkiri ayé, orí ètò gbangba ni wọ́n dúró sí: Linux tí ó ń darí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, PostgreSQL àti MySQL tí ń pa ìsọfúnni mọ́, Git tí ń tọ́jú onírúurú ẹ̀dà iṣẹ́ kan náà. Ètò ìdarí ẹ̀rọ kì í ṣe ọ̀kan: Linux wà, Windows wà, macOS wà, àwọn mìíràn sì tún wà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìwà tirẹ̀. Ètò olùpèsè tí ó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ lórí gbogbo wọn gbọ́dọ̀ mọ ìwà wọn, kí ó má sì jẹ́ kí ìwà náà dé etí ẹni tí ń lò ó.

Ọ̀rọ̀ orúkọ fáìlì ni ó ṣe àlàyé èyí jù. Linux ń gba orúkọ fáìlì gẹ́gẹ́ bí báìtì tí a fún un, láìyí ohunkóhun padà. Windows náà kì í tú u, kì í sì í dì í, ṣùgbọ́n kò ka lẹ́tà ńlá sí ohun ọ̀tọ̀ sí lẹ́tà kékeré. Ìlànà ìpamọ́ fáìlì tí Apple gbé jáde ní 1998, HFS+, ńṣe ni ó ń tú gbogbo orúkọ palẹ̀ kí ó tó fi wọ́n pamọ́. Kí a wá sọ pé ènìyàn mẹ́ta ń ṣiṣẹ́ lórí ìwé kan náà, tí wọ́n sọ fáìlì náà ní ẹ̀kọ́. Èyí tí ó ti ara ẹ̀rọ Apple bẹ́ẹ̀ wá dé ọ̀dọ̀ olùpèsè ní títú. Èyí tí ó ti Windows wá dé ní dídì. Lórí Linux, fáìlì méjì ni yóò wà níbẹ̀, orúkọ kan náà lójú, ọ̀kan tuntun, ọ̀kan ti pẹ́. Ẹni tí ó bá ṣí èyí tí ó ti pẹ́ yóò máa tún àṣìṣe tí ẹlòmíràn ti tún ṣe tán ṣe.

Git, tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní 2005, bá ìṣòro yìí fún ọdún púpọ̀. Fáìlì tí a ti kó sí i lórí Linux a máa dà bí àjèjì lórí ẹ̀rọ Apple. Ní 2012, nínú ẹ̀dà 1.7.12, a fi ìlànà kan kún un tí ń di orúkọ pọ̀ padà lórí ẹ̀rọ Apple kí ó tó dé inú Git. Lẹ́tà Ä, irú èyí tí ó wà nínú èdè Jámánì, wà lára ohun tí a fi dán iṣẹ́ náà wò. Kò sí ẹ̀bi níbẹ̀. Ẹni tí bàtà bá ń ta lẹ́sẹ̀ ni ó ń tọ́ka síbi tí ó ti ń ta á. Ṣùgbọ́n ọ̀nà méjì péré ni Ä ní, mẹ́rin ni ẹ́ ní. Ẹni tí ó bá fi Yorùbá dán ètò wò ń bi í ní ìbéèrè tí ó le ju èyí tí èdè Jámánì lè bi í lọ, iṣẹ́ ìdánwò bẹ́ẹ̀ kò sì béèrè pé kí ènìyàn mọ ètò kọ. Ní 2017, Apple gbé ìlànà tuntun, APFS, jáde fún àwọn kọ̀ǹpútà rẹ̀. Òun ń fi orúkọ sílẹ̀ bí a ti kọ ọ́, ó sì mọ̀ pé títú àti dídì dọ́gba. Àwọn orúkọ tí a ti tú palẹ̀ láti ọdún wọ̀nyí wá ṣì wà nínú àpò ìwé lọ́pọ̀ ibi.

Tító ọ̀rọ̀ lẹ́sẹẹsẹ tún jẹ́ ibòmíràn tí àwọn tí ń ṣe ìwé atúmọ̀ ti ń kàn án. Nínú álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá, gb ń bọ̀ lẹ́yìn g, ẹ ń bọ̀ lẹ́yìn e. Nítorí náà gígùn, gòkè, gbà ni ètò tí ó tọ́. Ẹ̀rọ tí a kò kọ́ yóò to wọ́n báyìí: gbà, gígùn, gòkè. Yóò sì fi ẹja ṣáájú ejò, nítorí pé e tí a fi àmì sí ni ó ka ẹ sí. Bí ó bá jẹ́ báìtì nìkan ni ó ń wò, ẹja yóò bọ́ sẹ́yìn yàrá. Bí a bá kọ ọ́ ní ɛja, ìtòlẹ́sẹẹsẹ gbogboogbò ti Unicode yóò fi í sẹ́yìn ejò láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ, nítorí lẹ́tà ọ̀tọ̀ ni ɛ jẹ́ fún un.

PostgreSQL kò ní ìtòlẹ́sẹẹsẹ tirẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọwọ́ ètò ìdarí ẹ̀rọ ni ó ti ń yá a. Ìyẹn ni pé àká kan náà, ọ̀rọ̀ kan náà, lè tò ní ọ̀nà méjì lórí ẹ̀rọ méjì. Ní 2018, glibc, àpá kan tí ọ̀pọ̀ Linux dúró lé, yí ìtòlẹ́sẹẹsẹ rẹ̀ padà nínú ẹ̀dà 2.28. Àtúnṣe ni wọ́n ṣe, kì í ṣe ìbàjẹ́. Ṣùgbọ́n PostgreSQL ń ṣe atọ́ka fún ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, bí ẹni tí ó ń to káàdì sínú àpótí ilé ìkàwé, ó sì ń wá ọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti tò wọ́n. Nígbà tí ìtòlẹ́sẹẹsẹ yí padà lábẹ́ rẹ̀ tí káàdì kò yí ipò, ó ń wá ọ̀rọ̀ síbi tí kò sí, ó sì ń sọ pé ọ̀rọ̀ náà kò sí. Àfi kí a tún gbogbo atọ́ka tò. Láti 2017, nínú ẹ̀dà 10, ni a ti lè ní kí PostgreSQL lo ICU, tí ó ń gbé ìtòlẹ́sẹẹsẹ èdè kọ̀ọ̀kan kiri láti orí ẹ̀rọ kan dé òmíràn, ti Yorùbá sì wà lára wọn. Ẹ̀dà 13 ti 2020 sì ní ohun tí a fi ń mú ọ̀rọ̀ bá ara dọ́gba ní NFC tàbí NFD nínú àká fúnra rẹ̀.

Ohun tí ìtọ́jú jẹ́

Àwọn tí kò sí nídìí iṣẹ́ yìí a máa rò pé bí a bá ti kọ ètò kan tí ó ṣiṣẹ́, ó ti tán. Àpẹẹrẹ òkè yìí fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀: ètò náà kò yí padà, ilẹ̀ tí ó dúró lé ni ó yí padà. Láti 2004, àwọn olùtọ́jú PostgreSQL ní ẹgbẹ́ ẹ̀rọ kan tí àwọn ènìyàn yọ̀ǹda káàkiri ayé, irú ẹ̀rọ àti ètò ìdarí lóríṣiríṣi. Bí ẹnikẹ́ni bá yí ìlà kan padà nínú ètò náà, àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí yóò kó o, wọn yóò dán an wò, wọn yóò sì jábọ̀ èyí tí ó kùnà. Ẹ̀rọ tí kò sí nínú ẹgbẹ́ náà kò ní ẹlẹ́rìí.

Ó tún ní apá kejì tí kò dùn-ún gbọ́. Ní 2024, nínú ẹ̀dà 17, àwọn olùtọ́jú náà yọ AIX kúrò, ìyẹn ètò ìdarí ẹ̀rọ ti ilé iṣẹ́ IBM. Ìdí tí wọ́n kọ sílẹ̀ ni pé àwọn tí ń béèrè fún un kò pọ̀, àwọn ìṣòro tí ó jẹ́ ti AIX nìkan ń gba àbọ̀ ọgbọ́n tí ń dí iṣẹ́ lọ́wọ́, kò sì sí ẹni tí ó dìde láti tọ́jú rẹ̀ bí ó ti yẹ. IBM kì í ṣe ilé iṣẹ́ kékeré. Owó kọ́ ni ó ń mú irú ẹ̀rọ kan dúró nínú ètò gbangba. Ẹni tí ó ń wò ó lójoojúmọ́ ni.

Bí ọ̀rọ̀ èdè náà ti rí nìyẹn. Ẹgbẹ́ Unicode ní àkójọ kan tí a ń pè ní CLDR, níbi tí a kó orúkọ oṣù, orúkọ ọjọ́, orúkọ orílẹ̀-èdè àti ìtòlẹ́sẹẹsẹ lẹ́tà èdè kọ̀ọ̀kan sí. ICU ń lò ó, Android ń lò ó, àwọn ẹ̀rọ Apple ń lò ó. Yorùbá wà níbẹ̀ lábẹ́ àmì yo. Yorùbá ti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ sì wà níbẹ̀ lábẹ́ àmì tirẹ̀, yo-BJ, pẹ̀lú ɛ, ɔ àti sh: Ɔjɔ́ Ajé, Shɛ́rɛ́. Díẹ̀ nínú àwọn olùkọ́ ni ó mọ̀ pé ohun bẹ́ẹ̀ wà, bẹ́ẹ̀ èyí tí ó wà níbẹ̀ ni tẹlifóònù yóò fi han akẹ́kọ̀ọ́ wọn bí Yorùbá tí ó tọ́. Àwọn tí ó yọ̀ǹda ara wọn wà lára àwọn tí ń fi ọ̀rọ̀ kún àkójọ náà, tí wọ́n sì ń dìbò lórí rẹ̀. Ó yẹ kí àwọn tí ó ní àṣẹ lórí álífábẹ́ẹ̀tì orílẹ̀-èdè wà lára wọn, kí wọ́n wo orúkọ oṣù àti orúkọ ọjọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n rí i bóyá kp wà níbi tí ìwé ìlànà ti 2008 ní kí ó wà.

Ohun tí ó wà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà

Púpọ̀ nínú ohun tí a ti sọ wà lọ́wọ́ àwọn tí ń kọ ètò. Èyí tí ó wà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà kò pọ̀, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn kò lè ṣe é fún un. Kí gbogbo ẹni tí ń ṣiṣẹ́ lórí àkójọ kan lo pátákó ìtẹ̀wé kan náà. Keyman, tí ó jẹ́ ètò gbangba lọ́wọ́ SIL, ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Linux, macOS àti tẹlifóònù, a sì lè ṣe pátákó ti èdè ẹni sínú rẹ̀. Kí a mú gbogbo fáìlì wá sí NFC kí a tó gbé e fún olùpèsè. Kí orúkọ fáìlì má ní àmì kankan, ìbáà jẹ́ ti ohùn tàbí ti ìsàlẹ̀, kí a fi Yorùbá tí ó pé sí inú rẹ̀. Ìlànà yìí lè bí àwọn tí ó fẹ́ràn èdè nínú, ṣùgbọ́n orúkọ fáìlì ni ibi tí ètò ìdarí ẹ̀rọ ti yàtọ̀ sí ara wọn jù. Ẹni tí ó bá ṣì ń lo Windows àtijọ́ ní láti ṣọ́ra pẹ̀lú Notepad: ọdún 2019 ni ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í lo UTF-8 láìjẹ́ pé a yàn án, kí ó tó dìgbà náà, ìpamọ́ lásán lè pa ɛ rẹ́. Fún ìwé ìbẹ̀rẹ̀, àwòrán lẹ́tà Andika, tí SIL ṣe fún àwọn tí ń kọ́ ìwé kíkà, máa ń gbé àmì òkè sí ipò rẹ̀ lórí ɛ àti lórí ẹ bákan náà.

Ó ku ọ̀rọ̀ yíyí àkọtọ́ kan sí èkejì. Kò sí NFC tí yóò sọ ẹ di ɛ, kò sì yẹ kí ó sí, nítorí ìpinnu orílẹ̀-èdè méjì ni wọ́n jẹ́. Àtẹ tí ènìyàn ṣe ni ó ń yí wọn. Ẹ sí ɛ, ọ sí ɔ, ṣ sí sh kò le. Yorùbá kì í fi s àti h kan ara wọn, nítorí náà a lè ti sh padà sí ṣ láìṣìnà, bí a bá ti yọ orúkọ àjèjì sọ́tọ̀. P ni ó ń fa wàhálà. Àtẹ tí ó ń sọ gbogbo p di kp yóò tún ọ̀pẹ ṣe sí ɔ̀kpɛ bí ó ti tọ́, ṣùgbọ́n yóò tún sọ Porto-Novo di Kporto-Novo. Nítorí náà kí a fi àmì sí orúkọ tí kò yẹ kí a yí, kí a sì tọ́jú àkọtọ́ tí òǹkọ̀wé fi kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ìpilẹ̀. Èyí tí a yí jáde kò gbọdọ̀ gba ipò rẹ̀ nínú àká.

Àká sì gbọ́dọ̀ mọ èwo ni èwo. Àmì èdè ni a fi ń sọ fún un, àwọn onímọ̀ èdè kò sì tíì fẹnu kò lórí èyí tí ó tọ́ sí ìwé tí ó ti Ifangni wá. Yàtọ̀ sí yo-BJ, ìlànà ISO 639-3 fún Nàgó ti gúúsù ní àmì tirẹ̀, nqg, gẹ́gẹ́ bí èdè ọ̀tọ̀. Ẹni tí ń kọ ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ láti fi ìyàtọ̀ ẹ̀ka-èdè hàn ní ìdí láti lo nqg, kí iṣẹ́ rẹ̀ má bàa sọnù sínú Yorùbá gbogboogbò. Ṣùgbọ́n ètò tí ó bá rí nqg, tí kò sì rí orúkọ oṣù tàbí ìtòlẹ́sẹẹsẹ kankan fún un, yóò padà sí ohun tí ó ń lò fún gbogbo èdè tí kò mọ̀: gb yóò bọ́ sáàárín g, Faransé tàbí Gẹ̀ẹ́sì yóò sì wọlé síbi tí orúkọ ọjọ́ yẹ kí ó wà. Fún ìwé ìbẹ̀rẹ̀, ìwé ìròyìn àti àkójọ ọ̀rọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa wá ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, yo-BJ ni ó dára jù nísinsìnyí. Ìwé tí a bá sì kọ pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀ ní Ifangni kan náà, yo ni kí a fún un, nítorí àkọtọ́ ni àmì náà ń júwe fún ètò níbẹ̀, kì í ṣe ìlú tí òǹkọ̀wé jókòó sí.